Ìborùn Pupa Dophu

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú èèyàn wo ni Dophu àbúrò mi, òpó ilé wa ni màá fi hàn án. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ géńdé lè tó, ẹfun ló wà lára òpó náà, ìlà lórí ìlà, bí ibi tí adìyẹ ń sùn sí. Bí Dophu bá fẹ́ jẹ doma, á fi ìka ra ẹfun sára ewé, á fi ewé wé èso, á jù ú sẹ́nu. Ẹfun tó kù lára ìka ńkọ́? Ara òpó ni. Kì í nù ún sára aṣọ rẹ̀, kì í nù ún sára òkúta, àfi òpó tí bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Mo máa ń fi ọ̀bẹ ha á. Kí n tó fọ ọ̀bẹ tán, ó ti nu òmíràn síbẹ̀.

Gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ wa ló ń jẹ doma, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àlejò wọlé, òun la ó kọ́kọ́ nà sí i. Ó ń mú ara gbóná, ó ń lé òtútù òkè. Ṣùgbọ́n jíjẹ wà, ìjẹkújẹ sì wà. Dophu ń jẹ ẹ́ sùn, ó ń jẹ ẹ́ jí. Eyín rẹ̀ dúdú bí àgbàdo tó jóná, ètè rẹ̀ pọ́n bí ojú ọgbẹ́, èso tí wọ́n rì sómi títí tó fi kẹ̀ yẹn sì ń rùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé tó bá kí ọ pé o jíire, yàrá kejì ni wàá ti fẹ́ dá a lóhùn. Ibi tó bá tutọ́ sí, wàá rò pé wọ́n pa nǹkan síbẹ̀ ni. Ó ń rí mi lára. Mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo ti sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo tún ń sọ ọ́ níbí yìí.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá wa fà á lé àwọn mọ́ńkì, àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, lọ́wọ́ nínú dzong, ilé odi ńlá tó jókòó sórí àpáta níbi tí odò méjì ti pàdé. Ayọ̀ ìyá wa lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọ ẹni di mọ́ńkì, èrè rẹ̀ kan gbogbo ìdílé. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin ni wọ́n fi ilé àti oko ìrẹsì sílẹ̀ fún, bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ìyá wa sì wà lára ogún náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àfi bí irùngbọ̀n Dophu ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó bọ́ aṣọ mọ́ńkì kalẹ̀, ó tẹ̀ lé obìnrin kan lọ sí ẹnu ààlà. Obìnrin náà fara dà á fúngbà díẹ̀, ó lé e. Dophu wá lọ ń da ẹṣin fún àwọn òyìnbó tó ń gun òkè. Iṣẹ́ náà sú u, tàbí òun ló sú àwọn ẹṣin, mi ò mọ̀. Ó padà sílé. Ilé ta ni? Ilé mi. Ibo ló ń sùn? Ẹ̀gbẹ́ ààrò mi. Ta ni kò jẹ́ kí n lé e? Ìyá wa.

Àwọn àgbà ní ọmọ burúkú ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo dúró de ọjọ́ náà títí, irun mi hewú.

Nígbà tí ojú ìyá wa fọ́ tán, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ ibùsùn tó bá tọ̀ sí, èmi ni mò ń da ata àti wàrà pọ̀ tí mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Orúkọ wo ló wà lẹ́nu rẹ̀ tó bá jí? Dophu. Bí Dophu bá wá jókòó tì í, á nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, á mú ewé àti èso àti ẹfun jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í di doma fún un pẹ̀lú ìka tó ń gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ kò léyín tó lè fi jẹ ẹ́ mọ́. Á kàn di í, á ní, "Dophu, yanu," ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á sì yanu bí ọmọ ẹyẹ. Àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Màá gbé korobá mi, màá jáde.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti Aṣọ Ńlá. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn àjọ̀dún dzong, àwọn mọ́ńkì máa ń ta á sára ògiri nínú àgbàlá. Wọ́n fi sílíkì rán àwòrán ẹni mímọ́ sára rẹ̀, ó sì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá fojú rí i, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́. Ẹni tó bá fi iwájú orí kan ìṣẹ́tí rẹ̀, ọ̀nà á là fún un lẹ́yìn ikú. Oòrùn kò sì gbọ́dọ̀ tàn sí i lára. Ìdájí ni wọ́n ń ta á, kí ìtànṣán oòrùn tó sọ̀ kalẹ̀ dé ara ògiri, wọ́n á ti ká a, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún náà, ikùn ìyá wa ti wú. Dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé, gbogbo wa la mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Òun gan-an mọ̀ ọ́n. Ó pe èmi àti Dophu, ó ní, "Ojú mi ti lọ, mi ò lè rí Aṣọ mọ́. Orí ló kù fún mi. Ẹ jẹ́ kí orí mi kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè rọ́nà gbà lọ." Láti ọjọ́ yẹn, kò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa.

Dophu ní òun ló máa pọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Tiwa wá yí padà, ọmọ ọ̀ràn ló fẹ́ pọn ìyá rẹ̀. Mo ní kò burú, ó ṣáà lágbára bí ìbaaka. Èmi múra fún un bí ẹni ń múra fún ọmọdé. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin ilẹ̀ wa kì í wọ dzong láìta ìborùn kọ́ èjìká. Funfun ni ti àwa mẹ̀kúnnù. Pupa ni ti Dasho, ìjòyè tí Kábíyèsí fúnra rẹ̀ dá lọ́lá. Mo fi ọṣẹ fọ ìborùn funfun Dophu, mo tún un fọ̀, mo sá a sórí òkúta, ó mọ́ bíi yìnyín orí òkè. Mo ní, "Dophu, bí o bá ba aṣọ yìí jẹ́, odò ni màá tì ọ́ sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ gan-an nílò ọṣẹ.

A kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Òtútù mú. Ìyá wà lẹ́yìn Dophu, mo fi aṣọ ìbora bò ó, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó ń ka àdúrà sábẹ́ ẹnu. Dophu ń mí hẹlẹ, ó ń làágùn, ṣùgbọ́n kò dúró, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí afárá, mo rí ọwọ́ ìyá wa tó yọ láti inú aṣọ. Doma wà láàárín ìka rẹ̀.

"Dophu, yanu."

Mo pariwo. "Ìyá! Kì í ṣe lónìí! Dzong là ń lọ!"

"Ó ń làágùn nínú òtútù," ni ìyá wa wí. "Atẹ́gùn á mú un. Kó fi nǹkan sẹ́nu."

"Dophu, o ò gbọ́dọ̀ yanu!"

Ó ti yanu.

Láti orí afárá lọ sókè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tutọ́ doma sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n á sì mú ẹni tó bá ṣe é. Kì í tilẹ̀ ṣe nítorí ìwé ara ògiri, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ẹni tó ń jẹ doma sì gbọ́dọ̀ tutọ́. Mo ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dophu bó ṣe ń wú, apá ọ̀tún, apá òsì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìdí ìyá wa. Orí ìyá wa wà ní èjìká rẹ̀ kan, èrò ń rọ́ kọjá ní èkejì. Omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ó sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣàn sínú ìborùn tí mo fọ̀.

Kì í ṣe díẹ̀ o. Ó dà á bí ẹni da àwo ọbẹ̀.

"Dophu! Kí lo ṣe yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ní kí n tu ú sí? Orí Ìyá nìyí. Ilẹ̀ dzong nìyí."

"O ò lè gbé e mì?"

"Ẹfun wà nínú rẹ̀. Òòyì á kọ́ mi, màá ju Ìyá sílẹ̀."

"Kí ló wá dé tó o yanu, ìwọ yìí?"

"Ìyá ló fún mi," ló wí.

Bí mo bá fèsì níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo máa dá, Aṣọ Ńlá mẹ́wàá kò ní lè wẹ̀ ẹ́ nù.

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà dzong kò ju ọmọ mi lọ. Ó rí wa lókèèrè, ó wo àyà Dophu, ó gbára dì, ó sì bẹ́rí fún un bí ẹni rí ọ̀gá.

"Háà, Dasho! Ẹ káàbọ̀ o! Ìgbà wo ni Kábíyèsí fún yín ní pupa? A ò mà gbọ́ ọ lórí rédíò!"

Gbogbo èrò tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní, "Ó jọ pé ẹnu ni Dasho yìí fi pa á láró." Òmíràn fi ìborùn bo imú. Ẹ wá wo Dophu! Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, itọ́ pupa ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́," ni Dophu wí, "ìyá mi ni mo pọ̀n. Kò ní pẹ́ kú. Ó kàn fẹ́ fi orí kan Aṣọ ni."

Ojú ọmọ náà rọ̀ díẹ̀. "Angay, ìyá àgbà yìí, lè wọlé, baba. Màmá yìí náà lè wọlé. Ẹ̀yin kò lè wọlé pẹ̀lú nǹkan yẹn. Ẹ yá ìborùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, màá jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá."

Dophu yíjú sí àwọn tó ń jáde bọ̀. Ọkùnrin kan ṣàánú, ó ti bọ́ tirẹ̀ ní èjìká, ó ti nà án dé ìdajì. Ni Dophu bá la ẹnu láti dúpẹ́. Ọkùnrin náà rí inú ẹnu yẹn, ó fa ìborùn rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ má bínú, ti bàbá mi ni." Ẹnì kejì kò tilẹ̀ dúró. Ta ló máa bá wọn wí? Èmi náà ò jẹ́ yá a.

Mo gbójú sókè. Ìtànṣán oòrùn àárọ̀ ti wà ní góńgó òkè tó dojú kọ dzong, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Gbé e fún mi," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè gbé e. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga."

"Ta ló ń gbé e lójoojúmọ́? Gbé e fún mi!"

Ìyá wa kò fẹ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ìborùn mú ní ọrùn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Mo tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan kò tú, ìborùn náà bá a bọ́ kúrò lọ́rùn Dophu. Mi ò ráyè bá a jà. Mo pọ̀n ọ́n tòun ti ìdọ̀tí náà, mo wọlé. Aṣọ tútù yẹn ń gbá mi láyà bí mo ṣe ń lọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù sílíkì mi, èyí tí mò ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òórùn rẹ̀ wà lábẹ́ imú mi gan-an. Ó ṣe mí bíi kí n bọ́ awọ ara mi sílẹ̀.

Ẹni tó bá pọn àgbàlagbà kì í rí iwájú. Ilẹ̀ ló ń rí. Mo rí àtẹ̀gùn igi, mo rí gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi, mo rí ẹ̀bá ògiri níbi tí àwọn Dophu ayé ti nu ẹfun wọn kí n tó débẹ̀. Wọ́n ń tì mí lọ́tùn-ún, wọ́n ń tì mí lósì. Òyìnbó kan sáré síwájú wa, ó kúnlẹ̀, ó da kámẹ́rà bò wá lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé eré la wá ṣe. Mo ní kó kúrò lọ́nà. Kò gbọ́, ó tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn mi ń ké, mo ń sọ fún ìyá mi pé, "Ó kù díẹ̀, Ìyá, ó kù díẹ̀," òun sì ń bi mí pé, "Dophu ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹ́ kó wọlé?"

Bí a ṣe dé ìdí Aṣọ, kàkàkí gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó wà lókè ti di okùn mú. Mọ́ńkì àgbà kan tó di ìṣẹ́tí Aṣọ lọ́wọ́ rí wa, ó ké sí àwọn tòkè pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ó fa ìṣẹ́tí náà wá sọ́dọ̀ wa.

"Kíá, Angay. Ẹ gbé orí yín wá."

Mo tẹ̀ síwájú bí mo ti lè tẹ̀ tó, kí orí ìyá mi lè kọjá èjìká mi kó sì kàn án. Mo dúró. Mò ń retí kí n mọ̀ ọ́n lára pé ó ti fi orí síwájú. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gba orí mi kọjá. Ìborùn Dophu ló wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì táràrà wá Aṣọ Ńlá títí ó fi rí i, ó sì gbé aṣọ onítọ́ yẹn lé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń rà á mọ́ ọn bí ẹni ń ra òróró sára ọmọ tuntun.

"Kí nìyẹn?" Mọ́ńkì náà fà sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ ni àbí kí ni?"

"Ti ọmọ mi ni," ni ìyá wa wí. "Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Dophu ni orúkọ rẹ̀. Inú ilé yín níbí lẹ ti tọ́ ọ."

"Ìyá, orí yín!" Mo ti ń sunkún. "Ẹ fi orí yín kàn án! Orí yín!"

Àwọn tó wà lókè kò tún dúró mọ́, oòrùn ti ń bọ̀ lórí òrùlé. Wọ́n fa okùn. Ìṣẹ́tí bọ́ lọ́wọ́ mọ́ńkì, ó bọ́ lọ́wọ́ ìyá wa, ó gba òkè orí wa kọjá. Mo fò. Obìnrin tó ti hewú, tó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, mo fò sókè láàárín àgbàlá dzong lójú gbogbo ayé, kí orí ìyá mi lè bá a. Atẹ́gùn lásán ni orí ìyá mi kàn. Mo gbójú sókè, ohun tí mo rí nínú Aṣọ Ńlá lọ́dún náà kò ju àbàwọ́n pupa kan lọ ní ìṣẹ́tí rẹ̀, tó tóbi tó àtàǹpàkò, tó ń gòkè lọ. Mọ́ńkì náà rí i. Ó wò mí, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbé ìyá mi sórí òkúta.

"Kí lẹ ṣe yẹn, Ìyá? Orí lẹ ní ó kù fún yín. Orí lẹ ní kó kàn án. Tìtorí ẹ̀ la ṣe wá!"

"Èmi ń lọ, Yangkhi," ló wí. Mímí rẹ̀ ti kúrú. "Ẹni tó ń lọ, ibi yòówù kó gbà náà ni. Òun ló kù. Ta ló máa gbà á láyè wọ ibí, bí mo bá lọ tán?"

"Èmi ńkọ́? Èmi tí mo pọ̀n yín dé ibí?"

Ó wá ojú mi pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ pupa yẹn, ó fi pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ìwọ?" ló wí, bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ìwọ mọ ọ̀nà."

Ohun tí mo rí gbà nìyẹn. Mo pọ̀n ọ́n, a jáde.

Dophu wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó ti lọ fọ ẹnu rẹ̀ ní ojú omi, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ètè rẹ̀ fi bó. Lára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun lẹ́yìn rẹ̀, ipa ìka pupa mẹ́rin wà níbi tó fọwọ́ tì. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ó sáré wá. Ìyá wa ju ìborùn náà sí i lórí, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí, ó ń súre fún un. Ó dúró sábẹ́ rẹ̀ bí màlúù tí òjò ń pa, omijé ń wẹ ojú rẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ṣé orí yín kàn án?"

"Ó kàn án," ni ìyá wa dáhùn, láìṣiyèméjì. "Ó kàn án dáadáa. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ."

Dophu yíjú sí mi. Mi ò purọ́ nítorí ọkùnrin yìí rí. Nígbà tó jí bọ́tà alábàágbé wa, mo sọ. Nígbà tí obìnrin ẹnu ààlà yẹn wá a débí, mo sọ ibi tó sá pamọ́ sí. Ìyá wa kọ ojú rẹ̀ tó fọ́ sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, kò mí.

"Ó kàn án," ni mo wí.

Ó pariwo ayọ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lórí afárá.

Ìyá wa kú kí wọ́n tó gbin ìrẹsì. Dophu ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi, kò sí ẹni tó ní kí n má lé e mọ́, mi ò sì lé e. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń rí mi lára. Bí àlejò bá wọlé, á na doma sí i, á ní, "Orí ìyá mi kan Aṣọ Ńlá kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀." Á wá dákẹ́, á máa wojú mi, omi pupa á máa ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀, kò sì ní rántí nù ún nù títí màá fi mi orí.